Láísẹ́ǹsì tí wọ́n lè gbà padà, ta ló ń ru ewu ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé bíjọba bá ti fúnni ní láísẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, pàápàá níbi tí Amẹ́ríkà bá ti fòfin ká orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ kò nínú òwò. Ẹ wo ohun tójú iléeṣẹ́ Airbus rí lórí ọ̀rọ̀ Iran.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni Airbus wà, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi ń to ọkọ̀ òfurufú wọn ti ń wá. Òfin Amẹ́ríkà sì ni pé bí owó irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ bá ti tó ìdá 10 nínú 100 owó ọkọ̀ náà, ẹni tó fẹ́ tà á fún Iran gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ OFAC, ọ́fíìsì kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ìṣúná wọn. Airbus gbàṣẹ lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, òun àti Iran Air fọwọ́ síwèé lórí ọkọ̀ 100.

Mẹ́ta péré ló rí kó fún wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, Donald Trump yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú àdéhùn tí wọ́n bá Iran ṣe lórí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, wọ́n sì ní káwọn tó ní láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ fi 90 ọjọ́ palẹ̀ mọ́. Boeing, tó jẹ́ ọmọ onílé gan-an, tó ti fẹ́ ta 80, kò kó ẹyọ kan lọ.

Ti ATR, tí ọkọ̀ tiẹ̀ kéré, ló ṣe mí ní kàyéfì jù. 20 ni Iran rà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, nígbà tó ku ọ̀la kí gbèdéke pé, wọ́n fi àṣẹ pàtàkì kan sáré kó márùn-ún lọ. 13 ló dọ́wọ́ Iran lápapọ̀. Oníbàárà ń bẹ fún méje tó kù, àṣẹ ni kò sí mọ́.

Lójú tèmi, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni irú láísẹ́ǹsì yìí. Kì í mú ewu kúrò, ńṣe ló ń sún un di ọjọ́ tí olówó ẹ̀ yóò dé. Kódà nígbà tí àṣẹ ṣì wà, àwọn báǹkì ńlá Yúróòpù ń sá fún owó Iran, torí wọn ò gbàgbé BNP Paribas, tí Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn tó tó bílíọ̀nù 8.9 dọ́là fún lọ́dún 2014 nítorí òwò Sudan, Iran àti Cuba.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú nìyẹn. Dọ́là tẹ́ ẹ fi ń sanwó ọjà ní Dubai tàbí Turkey, báǹkì Amẹ́ríkà ló sábà máa ń gbà kọjá, wọ́n sì lè dá a dúró níbẹ̀. Ẹ béèrè ibi tọ́jà ti ṣẹ̀ wá gan-an. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ní láísẹ́ǹsì, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí àti irú ọjà tó dárúkọ. Ẹ má sanwó tán kọ́jà tó gbéra. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ ẹ̀, iye ọjọ́ báyìí ló máa fi dá owó yín padà. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.