Jíjẹ́rìí Ara Ẹni Kì í Ṣe Ìgbéraga

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ènìyàn ń fi kan àṣà wa lóde òní, ó sì ti tó àkókò kí a dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí iṣẹ́. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ tí a kọ́ dáadáa bá dé iwájú àwọn agbanisíṣẹ́, tí wọ́n sì ní kí ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún àwọn, ojú ni yóò máa tì í. Yóò dorí kodò, ohùn rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Wọ́n wá dá ẹjọ́ náà sí pé kí ọmọ náà gbàgbé ilé, kí ó lọ kọ́ bí a ti ń fọ́nnu. Èmi kò gba ìdájọ́ yìí. Irọ́ ni, ó sì ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ wa ní ibi.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn eré. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí àjọ tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní Ímígíréṣọ̀n, pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti wá ṣe ìdánwò. Àyè iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó 5,000. Àwọn tí ó ń wá a lé ní 500,000. Àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, ẹni tí ó kú sì lé ní mẹ́wàá. Iṣẹ́ ni wọ́n wá, ikú ni wọ́n bá pàdé. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀ràn iṣẹ́ rí báyìí, ẹni tí a bá pè wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti la ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè là kọjá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó tán tí kò lè sọ ẹni tí òun jẹ́, òfò ńlá ni. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bí òótọ́ ni pé Yorùbá kò kọ́ ọmọ bí a ti ń sọ ẹni tí a jẹ́. Àwọn baba wa náà ni ó sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Láyé àtijọ́, nígbà tí àlejò bá wọ ìlú tí a sì mú un dé ààfin, kì í yadi. Yóò kí ọba bí ó ti yẹ. Yóò sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀. Yóò sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe alágbẹ̀dẹ, ìbáà ṣe ahunṣọ. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí ó bá wá. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìgbéraga. Bí ó bá kọ̀ tí kò sọ ọ́, amí ni wọn yóò pè é. Bákan náà ni oníjàálá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré níwájú àwùjọ, yóò kọ́kọ́ júbà; àwọn tí ó gbọ́ ìbà rẹ̀ yóò sì mọ ibi tí ó ti wá àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé àwọn tí ó ní irú àṣà yìí kò mọ bí a ti ń fi ara ẹni han àjèjì?

Ohun tí àwọn tí ń fi ẹ̀sùn kàn wá kò kíyèsí ni pé oríkì yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Oríkì wa, ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti ń dùn: ẹnu ìyá, ẹnu ìyàwó ilé, ẹnu onílù. Àṣà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ní bí ó ti rí. Láàárín àwọn Haúsá, oníjà dambe lè fi kirari gbé ara rẹ̀ ga kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn Ìgbò, ẹni tí ó bá jẹ oyè ọ̀zọ́ a máa yan orúkọ tí wọn yóò máa fi kí i. Olúkúlùkù dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá dìde láàárín ọjà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ẹ̀rín ni a óò fi í rín. Èyí ni ìyá wa kọ̀ fún wa, ó sì ṣe rere.

Ẹ̀rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn bá ṣojú rẹ̀ ni í jẹ́ ẹ̀rí. "Mo ṣe báyìí, ibi báyìí ni mo ti ṣe é, ohun báyìí ni ó ti ibẹ̀ jáde." Ìyìn kò sí nínú èyí, ìṣirò iṣẹ́ ni. Bí a bá bi alágbẹ̀dẹ pé ta ni ó rọ ọkọ́ yìí, tí ó sì dáhùn pé òun ni, ta ni yóò sọ pé ó ń gbéraga? Àwọn agbanisíṣẹ́ pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́. Àwọn onígbọ̀wọ́ ni akígbe oríkì ti òde òní. Àwọn ni yóò kọ̀wé pé olóòótọ́ ni, pé aláápọn ni. Ẹ̀rí ni ẹni tí ń wá iṣẹ́ jẹ wọ́n ní gbèsè.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí àwọn tí ń ta ìmọ̀ràn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ kan sórí: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí. Mo lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ mi. Mo lè bá gbogbo ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ara mi yá sí ohun tuntun." Ogún ènìyàn yóò wọlé, ogún ènìyàn yóò sì ka àkàsórí kan náà bí ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìsọdipúpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó kù tí a kò fi ní pe èyí ní kíki ara ẹni? Oríkì gan-an ni, oríkì tí kò ní orílẹ̀, tí ó bá ẹni gbogbo mu, tí kò sì júwe ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Kí agbanisíṣẹ́ kan sáà béèrè pé, "Fún wa ní àpẹẹrẹ kan," ṣòkòtò náà yóò já bọ́ níwájú gbogbo wọn.

Àwọn mìíràn wà tí kì í fọ́nnu, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìkómọjáde. Wọn yóò sọ ìpínlẹ̀ wọn, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, iye ọmọ tí bàbá wọn bí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gíga, títí tí àkókò yóò fi tán láìtíì kan iṣẹ́. A mọ ibi tí èyí ti wá. Láti ìgbà tí òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 ti ní kí a máa pín ipò ìjọba àpapọ̀ ká gbogbo ẹ̀yà, tí a sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1996 láti máa ṣọ́ ọ, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá ti di ohun tí gbogbo fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti sọ ọ́ ná. Kí ni ẹnu tún ń wí i fún? Lóòótọ́, àlejò ààfin a máa sọ agbo ilé rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ènìyàn mọ agbo ilé ara wọn, orúkọ ilé sì jẹ́ ẹ̀rí ìwà. Lónìí, bí ọmọ Yorùbá bá jókòó ní Àbújá níwájú ará Kánò, ará Calabar àti ará Makurdi, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wọn. Nítorí náà kí a di ètò àwọn baba wa mú, kí a sì fi iṣẹ́ tí a ti ṣe sí ipò agbo ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Ká ní iṣẹ́ akọ̀wé owó ni a ń wá ènìyàn sí. Ọ̀dọ́ kan wọlé, ó kí àwọn tí ó bá, ó jókòó nígbà tí wọ́n ní kí ó jókòó, ó sì wí pé: "Lágbájá ni orúkọ mi. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, ilé-ìwé kan ni wọ́n fi mí sí, ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ti dàrú. Mo tọrọ àyè láti tò ó. Oṣù méjì ni ó gbà mí. A rí ibi tí àṣìṣe wà, owó olúkúlùkù sì bá ìwé mu. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ títọ́ ìwé owó ni ó wù mí jù. Mo rí i nínú ìkéde yín pé ẹ ní ẹ̀ka ní ibi púpọ̀, ẹ sì ń wá ẹni tí yóò máa mú ìwé wọn bára mu. Ohun tí ó mú mi wá nìyí." Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sí ibì kan tí ó ti yin ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́, pé ó ní ìfaradà, àti pé ó ka ìkéde náà kí ó tó wá. Ẹnu olùgbọ́ ni ìyìn náà yóò ti jáde, bí ó ti yẹ kí ó rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí purọ́. Ẹni tí ó bá tó oyè àwòdì í jẹ, ó yẹ kí ó lè gbé adìẹ. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ kékeré tí ènìyàn ṣe ní tòótọ́. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ tajà, tí ó ń ka owó rẹ̀ lálaalẹ́ tí kò sì dín, ní ẹ̀rí láti jẹ́ ju ẹni tí ó há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, tí ẹ mọ̀ pé a kọ́ ọmọ láti má ṣe tẹjú mọ́ àgbà, kí ló dé tí ẹ fi ń ka ojú tí ó wolẹ̀ sí àmì ẹlẹ́tàn? Kí ló dé tí ẹni tí ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gba máàkì ju ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀? Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ẹ ń wá, ẹ béèrè iṣẹ́. "Sọ ohun kan tí o ti ṣe" dára ju "sọ nípa ara rẹ" lọ.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá tí a ń sọ nílé ni ó ń ba ẹnu ọmọ jẹ́. Ìdáhùn ti wà láti Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ń múra sílẹ̀, kọ́kọ́ fi èdè ìyá rẹ ròyìn iṣẹ́ rẹ fún ara rẹ títí yóò fi yé ọ yékéyéké. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní í ṣòro mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà pé a jẹ̀bi. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n sọ ìwà ìrẹ̀lẹ̀ di ìpanimọ́. Bí ọmọ bá ti la ẹnu, wọn a ní kí ó pa á mọ́. Àwọn wọ̀nyí kò tẹ̀lé àṣà. Wọ́n ń lò ó fún ìrọ̀rùn ara wọn ni. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni àṣà ní kí ó padà wá jẹ́ iṣẹ́. Kí a máa jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ parí: ibi tí ó lọ, ohun tí ó bá, ohun tí ó ṣe. Kí a sì máa gbọ́ ọ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ nínú ilé yóò mọ bí a ti ń jẹ́ ẹ̀rí ara ẹni níwájú àjèjì, kò sì ní í fọ́nnu rárá kí ó tó rí iṣẹ́ gbà.