Ẹ Wọn Iná Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Bátìrì

Bí ọkọ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, ohun tí àwọn tó tà á sábà máa ń sọ ni pé bátìrì ló kú. Wọ́n á fi òmíràn sí i, oníbàárà á dúpẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún kú. Èrò tèmi ni pé bí bátìrì tuntun bá ti kú lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan nínú ọkọ̀ ló ń fà á, ẹni tó ta ọkọ̀ ló sì yẹ kó wá a rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ òde òní kì í sùn tán: aago, alámù àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣì ń fa iná díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ju 0.05 ampere lọ, bátìrì 60 ampere-hour lè lo nǹkan bí 50 ọjọ́ kó tó gbẹ. Bó bá di ìdajì ampere, ọjọ́ márùn-ún ni, ẹ́ńjìnnì á sì ti kọ̀ kó tó débẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, trákà, kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ orin tí wọ́n so mọ́ wáyà lẹ́yìn tí ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́ ló ń fà á. Riwáyà tó mọṣẹ́ á tú orí bátìrì lápá négétíìfù, á fi mítà sáàárín, á dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ lè sùn, á wá máa yọ fúúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ tí iye orí mítà fi já wálẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ni olè ń gbà.

Àwọn tó ta ọkọ̀ á ní oníbàárà kì í wa ọkọ̀ rẹ̀ tó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, tí ẹ̀rọ amúlétutù àti iná jọ ń ṣiṣẹ́, iná tó ń padà sínú bátìrì kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n mítà kan náà ni yóò ṣèdájọ́: bí ohun tí ọkọ̀ ń fà lóru bá kéré, tí fóòtì sì wà láàárín 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá dá oníbàárà lẹ́bi. Àwọn mìíràn á ní ká máa tú orí bátìrì lálaalẹ́. Ta ló ń ra ọkọ̀ tuntun kó tún máa wá sípánà kiri lóru? Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó ra ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára. Nítorí náà, kí oníbàárà má jẹ́ kí riwáyà àdúgbò kọ́kọ́ gé wáyà kankan, kí àwọn tó ta ọkọ̀ má baà fi ìyẹn kẹ́wọ́ pé wáráńtì ti bàjẹ́. Kó dá ọkọ̀ padà fún wọn, kó sì ní kí wọ́n kọ iye tí mítà kà sórí ìwé kó tó gba kọ́kọ́rọ́.