IBI TÍ A TI Ń JẸUN NI KÍ WỌ́N TI KÀ WÁ

 

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Bí gọ́tà bá kún, bí wọn kò bá kó ilẹ̀, ìjọba la máa ń bú. Ó yẹ ká bú wọn. Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ̀bi.

Nígbà ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, ọ̀pọ̀ wa ló ti ìsọ̀ pa, tó wọkọ̀ lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti ka òun. Nígbà tó parí, a padà wá jẹun ní Ìdímù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àjọ Ìkànìyàn ní 1,277,714 ni gbogbo wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ka tiwọn lọ́dún kan náà, wọ́n ní 2,047,026 ni wá. Ó fi 769,312 yàtọ̀! A kò ní àwa arìnrìn-àjò nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n a bu tiwa kún un.

Iye ènìyàn wà lára ohun tí Àbújá fi ń pín owó fún ìjọba ìbílẹ̀. Káńsù Egbe-Idimu wa, Èkó ló dá a sílẹ̀ ní 2003; kò sí lára 774 tí Àbújá mọ̀. Inú owó Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo yẹn náà la ti ń retí tiwa. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí owó ilé lé kúrò láàárín ìgboro ń ya wọ ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́, iwájú ilé gbogbo sì ti di ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Àmọ́ ẹni tó ra tòmátì ní Mile 12, ṣé kì í ka apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó sanwó ni? Àwọn mìíràn ní àwọn kò lè ta ìlú àwọn. Ta ló ní kí ẹ tà á? Ẹ fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ́lé síbẹ̀, ẹ lọ ṣọdún. Ṣùgbọ́n gọ́tà ìlú yín kọ́ ló ń ya wọ ìsọ̀ yín nígbà òjò.

Wọ́n ní àwọn ó tún kà wá ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ yòówù kí wọ́n dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìlẹ̀kùn lọ o. Ẹ jókòó sí Ìdímù, kí wọ́n ka ìyá, ka bàbá, ka ọmọ ọ̀dọ̀, ka ọmọ ọwọ́. Ẹni tí wọn kò bá kà, wọn kì í bu oúnjẹ tirẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.