Ẹ Yé Bó Idẹ Àtijọ́ Bí Ìkòkò Ọbẹ̀

Láti Ṣàngó, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo ní í sọ kò gùn: ẹni tí ó bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn bó idẹ àtijọ́ títí tí ó fi ń dán, ẹ̀rí ni ó ń bà jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Idẹ Ọ̀ṣun tí ó wà lójúbọ yẹ ní dídán, nítorí ohun ìlò ni. Ṣùgbọ́n idẹ tí a hú nínú ilẹ̀ yàtọ̀. Ìpáàrà tí ó bò ó lè gbé àpá aṣọ tàbí igi tí wọ́n jọ sin pọ̀. Bí a bá ti ha á dànù, ó di ẹyin tí ó fọ́. Kò ṣe é kó mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbè sẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lésà. Ìdọ̀tí dúdú a gba ooru rẹ̀ mọ́ra, a sì ṣí kúrò. Idẹ tí ń dán a dá èyí tí ó pọ̀ jù padà. Ọ̀gbẹ́ni aláìmọ̀ṣẹ́ lè fi jó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọṣẹ́ lè dúró níbi tí ó bá fẹ́. Bí a bá sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àwọ̀ iná tí ó bá ta níbẹ̀ yóò sọ irú irin tí ó wà nínú iṣẹ́ ọnà náà.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kan èdè wa. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1938, "bronze" ni ọ̀pọ̀ ìwé pè wọ́n. Bàbà àti tíìnì ni bronze. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ọ̀nà mìíràn fi hàn pé idẹ tí ó ní sínkì àti òjé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà. Idẹ, bàbà: a ní orúkọ fún méjèèjì. Èwo ni ti àyálò tí kò bá a mu?

Ẹ ó ní owó ẹ̀rọ náà pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ṣàngó, ní ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn, ó sì ní ti fisíìsì. Kí wọ́n pawọ́ pọ̀. Kò yẹ kí ó jẹ́ òkè òkun nìkan ni a ó ti máa ka ìtàn idẹ wa. Títí di ìgbà náà, ẹ gbé e síbi gbígbẹ, kí ẹ sì ju kànìnkànìn sílẹ̀.