Ẹ̀yin Àgbà, Irú Iná Wo Ló Yẹ Kó Wà Nílé Wa?



Àwọn ọmọ wa ti ń ra gílóòbù tí wọ́n ń fi fóònù tàn ránṣẹ́ sí wa. A dúpẹ́, wọn ò ní rí ogun òṣì. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wá ní aago méjì òru, ta ni yóò máa wá fóònù kiri nínú òkùnkùn? Bí NEPA bá sì mú iná lọ, gílóòbù ọ̀hún ò wúlò mọ́.

Èrò tèmi ni pé iná tó yẹ àgbà ni èyí tí àgbà ò ní tẹ nǹkan kan kó tó tàn. Iná sólà kékeré wà tó ń mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, tó sì ń tàn bí èèyàn bá ń kọjá. Kò béèrè dátà.

Ọ̀rọ̀ ìlera lèyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ni ìṣubú ń pa jù. Fìtílà kẹrosíìnì ń rú èéfín sí wa ní ẹ̀dọ̀fóró. Ti jẹnẹrétọ̀ tún burú jù: gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú ò rí, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ní Agbabu, níbi tí ọ̀dà ti ń sun jáde látinú ilẹ̀, ó yẹ ká rí ibi tí a ń tẹ̀ lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ara páálí. Èyí tí wọ́n kọ 3000K sí pọ́n ráńpẹ́ bí iná fìtílà, òun ló dáa fún yàrá. 6500K funfun bí ọ̀sán, ó máa ń lé oorun lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú páńẹ́lì. Ó yẹ kó tàn. Òótọ́ ni pé bátìrì ló ń tètè kú, nítorí náà, ẹ mú èyí tí a lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kì í ṣe pálọ̀ àlejò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ lè máa fi owó ẹgbẹ́ ra ẹyọ kan lóṣooṣù fún opó tó ń dá gbé. Ó sàn ju ká dáwó ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí egungun ìtan bá ti ṣẹ́.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fẹsẹ̀ kọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míì.