Ẹ JẸ́ KÁ GBÉ ÌPÀDÉ ALẸ́ WÁ SÍ Ọ̀SÁN

  

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa ọlọ́jà náà, ojú la fi ń ka owó, òun la fi ń ṣa tòmátò tó ti rà kúrò lára èyí tó dára, òun náà la fi ń wá ọ̀nà ilé lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú alẹ́ yìí ló mú wa mú kálámù lónìí. Ẹgbẹ́ wa jẹ̀bi nínú rẹ̀, àwa akọ̀wé sì ni ẹ̀bi náà kọ́kọ́ kàn.

Gbogbo yín lẹ mọ òfin wa. Aago méje alẹ́ ni ìpàdé, lẹ́yìn tí a bá ti pa ọjà tì. Ẹni tí kò bá wá, owó ìtanràn. Ẹni tó bá dìde kí ìpàdé tó parí, owó ìtanràn. Ìyá kan wà láàárín wa, ata ló ń tà, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, ìyá ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. A ní ó ń gbéraga. Àwọn kan ní ó ń ṣe bí adìẹ, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tó ti ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Àwọn mìíràn sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹni tó ń sá fún alẹ́, ó ní ohun tó ń fi alẹ́ ṣe. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìtanràn, ọwọ́ wa yìí náà la fi kọ ọ́. Ó san án, kò fọhùn.

Ìgbà tó yá, ó kan àwa náà. Àtọ̀gbẹ ti wà lára wa, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Dókítà ojú yẹ ojú wa wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń jò nínú lọ́hùn-ún, pé bí wọn kò bá tan iná lésà sí i, ojú lè fọ́ pátápátá. A gbà, wọ́n ṣe é, ojú kò fọ́. A dúpẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ojú alẹ́ yóò dín kù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a tú ìpàdé ká, bí a ṣe kúrò níbi tí iná wà, gbogbo ayé ṣú dùdù. Tírélà kan yọ láti ọ̀nà Òmùò, iná rẹ̀ fọ́n káàkiri ojú wa bí ìgbà tí ènìyàn ń wo iná láti inú omi. Inú gọ́tà la bá ara wa.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá aláta ló kọ́kọ́ wá kí wa. Ó wò wá títí, ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ṣé wọ́n tan iná sí tiyín náà ni?" Ojú tì wá. Ohun tó ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí.

A padà lọ bi dókítà, ó sì ṣàlàyé. Ṣúgà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́, èyí tó wà nínú ẹyinjú lápá ẹ̀yìn. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi tètè mọ̀. Tó bá wá pọ̀, iṣan tuntun tí kò lágbára á máa hù níbẹ̀, á máa já, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ojú. Wọ́n á wá fi lésà jó etí-etí ibẹ̀ ní àmì kéékèèké, kí àárín tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀, má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n etí-etí yẹn gan-an ló wúlò jù fún ìríran nínú òkùnkùn. Ẹ ò rí i pé ọjà la ná? A fi díẹ̀ nínú alẹ́ ra ọ̀sán.

Ọjà náà kì í ṣe gbàǹjo. Ẹ rántí 29 March 2006, tí òṣùpá bo oòrùn, tí wọ́n ń kìlọ̀ pé kí a má wò ó lójú kòrókòró. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1945, oòrùn sì jó ojú àwọn kan ní Jámánì. Dókítà Gerd Meyer-Schwickerath rí àpá rẹ̀, ó ní bí iná bá lè jó ojú, a lè wọn ìwọ̀nba rẹ̀ fi wo ojú sàn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló kọ́kọ́ fi ṣe é. Nígbà tó di 1960, Theodore Maiman ṣe lésà ní Amẹ́ríkà, lésà sì wọ inú iṣẹ́ náà. Àwọn dókítà ibẹ̀ dán an wò lára àwọn alátọ̀gbẹ tó lé ní 1,700, wọ́n sì kéde ní 1976 pé ó dín ìfọ́jú kù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ojú alẹ́ sá fún lésà o. Ẹni tó sá, tọ̀sán-tòru ló lè pàdánù.

Lésà kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú funfun, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá ṣú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, lésà tiwọn máa ń la ojú sí i ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi lésà ṣe ojú kí wọ́n lè bọ́ awò kúrò, àwọn náà lè rí òrùka yí iná ká lálẹ́. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ó sì máa ń kù díẹ̀ lára àwọn mìíràn.

Àwọn kan ní ká máa mu epo pupa. Epo pupa dára fún ọmọ tí oúnjẹ kò kún ojú rẹ̀, àmọ́ ibi tí lésà ti jó, epo kò lè hù ú padà. Ẹ má ra oògùn ìkán-sójú lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn kiri o. Òmíràn nínú wọn máa ń mú kí ojú le sínú, á sì fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan dúdú bá ṣàdédé ń fò lójú bí eṣinṣin tó pọ̀, bí mànàmáná bá ń kọ níbẹ̀, tàbí bí ẹni fa kọ́tìnì bò ó, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ẹ gba ibẹ̀ lọ. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá wà lára rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ ń ríran kedere.

Ohun tí a wá ń bẹ Ìyálọ́jà àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìyí. Kí ìpàdé di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. A mọ̀ pé àwọn kan á ní àkókò títà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wákàtí kan lóṣù kò lè ba ọjà jẹ́, ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ nínú gọ́tà ló ń ba ọjà jẹ́. Kí a fi ẹfun kun etí gọ́tà níwájú ìsọ̀, kí á lè rí i. Kí ẹni tí ojú alẹ́ ń dà láàmú ka owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n má baà fi igba náírà fún un ní ipò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kó tàn án sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀. Bó bá kúrò nínú iná, kó dúró díẹ̀ kí ojú mọ òkùnkùn lára. Kí ẹni tí ọ̀nà wọn jọ bá ara wọn rìn, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Èyí tó kù, tiwa ni. Owó ìtanràn ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ dá a padà fún ìyá aláta, kí a sì tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo ìyá. Àwa la kọ orúkọ náà, àwa náà la ó mú ìwé wá, tí a ó fi kálámù fà á rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kẹ́ ẹ pè wá o, kí á lè rí ibi tí a ó fà á sí.

Ojú wa kò ní fọ́, ọjà wa kò ní dàrú. Àṣẹ.