Yàrá kan nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí: kí ni ọmọ wa ń sanwó fún gan-an?

Ẹni tó bá ní WhatsApp lórí fóònù rẹ̀ l'Ékòó lásìkò yìí yóò ti rí i. Láti Agége dé Ìkòròdú, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge ń gbé e sójú státọ́ọ̀sì wọn pé yàrá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn, kí ẹni tó ń tọ́jú ojú, tó ń ṣe èékánná, tó ń lẹ ìpéǹpéjú tàbí tó ń wọ́ ara wá gbà á. Nígbà kan, ẹni tó ń dirun ló ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló sì yí i ká. Ní báyìí, ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ bá òwò mẹ́ta níbẹ̀: ìyá onídìrí níwájú, ọmọ tó ń kun èékánná lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àti ẹlòmíràn nínú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kékeré kan. Kálukú ló ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń san owó àyè fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù ti mọ irú ètò yìí tipẹ́, níbi tí obìnrin ti ń san owó àga kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Níbí, ọ̀pọ̀ òbí ni kò tíì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè nígbà tí ọmọ wọn bá wá tọrọ owó fún un.

Ọ̀wọ́ngógó ló bí i. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà epo kan tí kò tó ₦200 fò sókè dé nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo díráyà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ bí mítà rẹ̀ ṣe ń jẹ owó. Ẹ wá fi owó ilé tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ń fi kún lọ́dọọdún sí i. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ní yàrá kan lẹ́yìn, tó ń kó páálí àti àga tó ti ṣẹ́ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá náà bí owó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán náà wà níbì kan, kò lówó ṣọ́ọ̀bù, kò lówó ajẹ́ǹtì, kò lówó àgírímẹ́ǹtì, kò sì lówó ọ̀dà. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn. Ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ni wọ́n ń ṣe ọmọ náà. Ẹrù ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé.

Ní tàwa Mùsùlùmí, ohun kan wà nínú yàrá yìí tó dára púpọ̀. Obìnrin tó ń lo híjáàbù kì í fẹ́ ṣí orí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, níbi tí ọmọkùnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ń wọlé tó ń jáde, tí ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà sì ń kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti pa irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tì, tí wọ́n ń dirun fún ara wọn nílé. Yàrá tó ní ilẹ̀kùn, tó ṣeé tì látinú, tó jẹ́ pé obìnrin ló ń tọ́jú obìnrin níbẹ̀, òwò gidi ni. Làálì nìkan lásìkò ìgbéyàwó àti ọdún Iléyá tó láti mú ọmọ tó mọṣẹ́ jẹun. Èmi kò rí àléébù kankan nínú kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí wọnú òwò yìí. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń ka orí ọ̀rọ̀ ìjárà nínú àwọn ìwé fíkíhì nílé kéú, ohun àkọ́kọ́ tí àáfà máa ń tẹ̀ mọ́ wa létí ni pé ẹni tó ń háyà nǹkan kò ra nǹkan náà o, àǹfààní tó wà lára rẹ̀ ló rà. Nítorí náà, àǹfààní ọ̀hún gbọ́dọ̀ hàn, ìgbà tí yóò fi lò ó gbọ́dọ̀ hàn, iye owó náà sì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ wá fi ìyẹn wo bí wọ́n ṣe ń gba yàrá l'Ékòó. Voice note ni! “Máa bọ̀, ₦40,000 ni lóṣù, àwa náà á jọ ṣe é.” Ọmọ á sanwó, á gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ṣé iná wà nínú ₦40,000 yẹn? Bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá lọ sí òde àríyá ní Sátidé, tó jẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà ń pọ̀ jù, ṣé ṣọ́ọ̀bù á ṣí?

Ká sọ pé oṣù kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní oṣù kejì, wọ́n ní kó mú ₦15,000 wá fún epo jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù kẹta, owó LAWMA dé, owó káńsù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní oníbàárà tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọlé, kó máa yọ nǹkan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Owó yàrá náà kì í ṣe ₦40,000 mọ́, kò sí ẹni tó mọ iye tó jẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní garar nìyẹn, òwò inú òkùnkùn.

Àwọn kan kì í gba owó pàtó, wọ́n á ní kí ọmọ náà máa mú ₦30 sílẹ̀ nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tó bá pa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan àwọn ti mazhab Máliki tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, kò fọwọ́ sí owó háyà tí a kò mọ iye rẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Imam Ahmad ní tiwọn gbà pé èèyàn lè gbé ẹran rẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì pín ohun tó bá wọlé. Nítorí náà, n kò ní pariwo háráámù lé ẹnikẹ́ni lórí. Kódà, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju owó pàtó lọ, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Ramadan kì í sábà rí bí ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, tí gbogbo ayé ń múra ọdún. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ìwé owó? Bó bá jẹ́ POS ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni gbogbo owó ń bá wọlé, ọmọ náà ti di òṣìṣẹ́ tí kò lówó oṣù.

Èyí tó tún wúwo jù ni bóyá ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti fi yàrá náà háyà rárá. Ayálégbé lòun náà. Nínú ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì l'Ékòó, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi apá kankan nínú ilé fún ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkíhì, ẹni tó háyà nǹkan lè tún un háyà fún ẹlòmíràn, àmọ́ bí onínǹkan bá ti fi àdéhùn dè é, àdéhùn ni a ó tẹ̀lé. Lọ́jọ́ tí lánlọ́ọ̀dù bá gbọ́, tàbí tí ìyá bá jẹ gbèsè owó ilé, àgádágodo tí wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn kò mọ bẹ́ẹ̀dì ta ló wà nínú ilé.

Òfin kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 kan ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kan ilé, àyàfi ní Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ó ka ẹni tó gba yàrá lọ́wọ́ ayálégbé mọ́ ayálégbé. Kò gbà kí wọ́n gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun, ó ní kí wọ́n fún un ní rìsíìtì, ó sì fún ẹni tó ń san owó lóṣooṣù ní nótíìsì oṣù kan bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ kóòtù lè san tó ₦250,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó sì ń báni parí irú aáwọ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè ẹ̀rí, voice note tí wọ́n ti pa rẹ́ kò sì lè dúró.

Áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Suratul Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni. Síbẹ̀ a máa ń ka ẹlẹ́rìí níbi yìgì, ọmọ kan náà á sì dá nìkan lọ kó owó tó fi ọdún méjì tọ́jú lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a lọ. Ẹ ní kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù fi àgírímẹ́ǹtì tirẹ̀ hàn yín. Ó lè bínú pé, “Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?” Ẹ rọra dá a lóhùn pé ẹ fọkàn tán an, ìdí nìyẹn tí ẹ ṣe wá. Ojú ìwé kan tó: iye owó, ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, kọ́kọ́rọ́, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún ara wọn kí wọ́n tó túká. Kó máa san án lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kì í ṣe lọ́dún. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀, inú fóònù tirẹ̀ ni kó wà.

Ẹ tún fi ìlà kan kún un nípa ẹni tí yóò máa lo yàrá náà nígbà tí ọmọ yín kò bá sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ló wà ńbẹ̀. Irú yàrá tó fara sin bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti ń gún abẹ́rẹ́ abóra fún oníbàárà, wọ́n sì ń po ìpara tó ní mercury nínú, èyí tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìwádìí NAIIS ti ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, ẹ̀jẹ̀ sì lè gbé àrùn náà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n fi ń gé ẹran etí èékánná, tí wọn kò fọ̀ dáadáa, ti tó. Fífi abẹ́rẹ́ tọ ìpéǹpéjú sì rèé, tí wọ́n ń pè ní microblading, fínfín ara ni lójú ẹ̀sìn, orúkọ òyìnbó tó ní kò yí i padà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa dá.

Bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé, kí ọmọ náà máa ṣe iṣẹ́ ilé-dé-ilé fún ìgbà díẹ̀ ná. Báàgì kan àti bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká tó fún un láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn oníhíjáàbù ló sì fẹ́ràn kó wá bá wọn nílé.